Yíyan Kátíríìjì Tuntun fún Ẹ̀rọ Giramafóònù Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Látìgbà tí àwọn ará wa ní Abuja ti mọ̀ pé mo máa ń bá èèyàn to ẹ̀rọ giramafóònù ni àwọn ìbéèrè yìí kò ti yé wọlé, láti Kubwa, láti Nyanya, àní láti Kaduna àti Jos. Mo kó wọn jọ síbí, èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló wà lẹ́yìn.

Kí ni kátíríìjì, kí ló sì fi yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́?

Kátíríìjì ni àpótí kékeré tó wà lórí apá ẹ̀rọ, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Abẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́nu ọ̀pá tín-ínrín kan. Bí àwo bá ń yí, abẹ́rẹ́ á máa gbọ̀n nínú ìlà àwo. Ọ̀pá yẹn ló ń gbé ìgbọ̀n náà lọ bá màgínẹ́ẹ̀tì àti wáyà wíwé tó wà nínú àpótí, ibẹ̀ ló ti ń di iná mànàmáná bíńtín tí ampilifáyà máa sọ di ohùn.

Abẹ́rẹ́ ló ń jẹ, ìyẹn ni pé òun ló ń gbó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àpótí kì í sábà bàjẹ́, àfi bó bá já lulẹ̀ tàbí bí wáyà inú rẹ̀ bá já. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ yẹn, abẹ́rẹ́ nìkan ló ń fara kan ìlà àwo. Òun ló lè tọ́jú àwo yín, òun náà ló lè bà á jẹ́.

Ṣé kátíríìjì lódidi ni kí n pààrọ̀, àbí abẹ́rẹ́ nìkan?

Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó dá mi lójú pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò nílò ju abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní MM, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa fa abẹ́rẹ́ síwájú, yóò yọ. Ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. Ẹ má fi orúkọ ẹ̀rọ wá abẹ́rẹ́ o. Orúkọ tó wà lára kátíríìjì gan-an ni kí ẹ fi wá a: AT3600, AT95, 2M Red, M97xE, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí lẹ́tà náà bá kéré jù fún ojú yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ wá fà á tóbi lórí fóònù.

Ilé iṣẹ́ Shure ti Amẹ́ríkà ṣíwọ́ ṣíṣe kátíríìjì ní 2018, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ti di ìdọ̀tí. Kò rí bẹ́ẹ̀. JICO ti Jàpáàn ṣì ń ṣe abẹ́rẹ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Ẹ má tíì sọ ọ́ nù.

Ìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ni ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ kan bá kú lẹ́yìn tí ẹ ti yẹ wáyà wò, tàbí tí kò sẹ́ni tó ń ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́, tàbí tí ẹ fẹ́ ohùn tó dára ju èyí tí àpótí yẹn lè gbé lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé abẹ́rẹ́ mi ti jẹ?

Etí ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé àwo kan tí ẹ mọ̀ dáadáa sí i, kí ẹ lọ tààrà síbi orin tó kẹ́yìn lójú àwo náà. Bí ohùn olórin bá ń ha níbi gbogbo tó bá ti pe «s» tàbí «ṣ», tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí wọ́n da àkàrà sínú epo gbígbóná, abẹ́rẹ́ yẹn ti ń jẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ àwo kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwo ló ní àrùn. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ni, ẹ yéé dá àwo lẹ́bi.

Lẹ́yìn etí, ojú. Ẹ wá awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Orí abẹ́rẹ́ tó dára máa ń mọ́ rigidi. Èyí tó ti jẹ máa ń ní ojú pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí iná á máa tàn lára wọn bíi dígí. Mo wo ti bàbá kan báyìí ní Nyanya, orí abẹ́rẹ́ náà ti di bí ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì. Àwo àpàlà tó lé ní ogójì ni wọ́n ti fi gbẹ́. Wọn ò mọ̀, torí díẹ̀díẹ̀ ni ohùn náà ń bàjẹ́, etí wọn sì ń bá a lọ.

Wákàtí mélòó ni abẹ́rẹ́ kan ń lò?

Ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe gbẹ́ orí rẹ̀. Audio-Technica ń ka nǹkan bíi wákàtí 300 fún elliptical, 500 fún conical, 1,000 fún microlinear (mo ṣàlàyé orúkọ wọ̀nyí nísàlẹ̀). Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún tiwọn. Ẹni tó ń gbọ́ àwo fún wákàtí 2 lójoojúmọ́ ti lo 500 tán láàárín 250 ọjọ́, ìyẹn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó jẹ́ Sátidé nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀ lè lo ọdún púpọ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbé e sí i sínú ìwé. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní tirẹ̀, abẹ́rẹ́ tó bá bá a wá, ẹ kà á sí èyí tó ti tán. Kò sẹ́ni tó mọ iye wákàtí tó ti lò ní London kó tó dé Garki.

Rédíográàmù bàbá mi ni mò ń lò. Ṣé mo lè gbé kátíríìjì ìgbàlódé sí i?

Kò rọrùn, mi ò sì gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Kátíríìjì sẹ̀rámíìkì tàbí kírísítà ló wà lórí ọ̀pọ̀ rédíográàmù. Agbára ohùn rẹ̀ lè tó ìdajì fóòtì (volt), nígbà tí kátíríìjì onímàgínẹ́ẹ̀tì kì í ju nǹkan bíi 0.004 fóòtì lọ. Ampilifáyà inú rédíográàmù ò ní gbọ́ èyí rárá. Apá rẹ̀ pẹ̀lú wúwo. Gíráàmù 4 sí 6 ló fi ń tẹ àwo. Ọ̀pá kátíríìjì tó fẹ́ gíráàmù 2 á tẹ̀ wọnú sábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí rédíográàmù náà wà bó ṣe wà, abẹ́rẹ́ sẹ̀rámíìkì ni kí ẹ wá fún un. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kátíríìjì: ọwọ́ kékeré kan lè wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ LP sí lójú kan, 78 (àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) lójú kejì. Bí ẹ bá yí i, abẹ́rẹ́ mìíràn ló ń bọ́ síta. Sàfáyà ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, kì í sì pẹ́ bíi dáyámọ́ǹdì rárá. Ẹ béèrè fún dáyámọ́ǹdì. Ní ti kírísítà, iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Rochelle ló wà nínú rẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin sì ń pa á. Èyí tó ti wà nínú páálí láti nǹkan bíi 1960, bí wọn ò tilẹ̀ lò ó rí, ó ṣeé ṣe kó ti kú.

Rédíográàmù bàbá tèmi wà ní pálọ̀ mi títí dòní, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo tí mi ò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́ kì í gun orí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ irú èyí tó bá apá ẹ̀rọ mi mu?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe dè é mọ́ orí apá. Bó bá jẹ́ sukurú méjì ló wà lórí rẹ̀, tí àárín wọn jẹ́ ìdajì íǹṣì, ìyẹn mílímítà 12.7, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé nìyẹn, yíyàn yín pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni kátíríìjì ń wọlé tààrà sẹ́nu apá bíi púlọ́ọ̀gì, tí sukurú kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, T4P ni. Kátíríìjì T4P gbọ́dọ̀ wúwo gíráàmù 6, kó sì máa tẹ àwo ní 1.25, ẹ ò ní í tún nǹkan kan tò, ìyẹn sì ni adùn rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó dà bí àpótí ẹrù tí wọ́n ń tà báyìí fún ọ̀ṣọ́ ilé, sẹ̀rámíìkì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá ló sábà máa ń wà nínú wọn. Abẹ́rẹ́ nìkan lẹ lè pààrọ̀ níbẹ̀.

MM àti MC: èwo ló yẹ mí?

MM. Mo ń sọ ọ́ láìfi bò.

Nínú MM, màgínẹ́ẹ̀tì ló ń mì. Nínú MC, wáyà wíwé gan-an ló ń mì. MC lè fúnni ní ohùn tó ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré gan-an: 0.2 sí 0.5 mV (mV 1,000 ló wà nínú fóòtì kan), nígbà tí MM ń mú 3 sí 5.5 mV wá. Ẹ̀rọ tó máa gbé e sókè ní láti lágbára ní ìlọ́po mẹ́wàá, gbogbo ariwo iná ilé wa, ti ṣájà, ti inverter, ti stabilizer, ni yóò sì bá a gòkè. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ MC kì í yọ. Bó bá jẹ, gbogbo rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀ tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́yìn odi.

Ẹni tó bá ní apá tó wúwo àti phono preamp (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn kátíríìjì sókè kó tó dé ampilifáyà) tó dára lè wo DL-103 ti Denon. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe é, fún ilé iṣẹ́ rédíò NHK ti Jàpáàn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é. Mo ti gbọ́ ọ nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Jos, inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, MM ni mo padà wá lò nílé.

Ampilifáyà mi kò ní ibi tí wọ́n kọ phono sí. Ṣé kátíríìjì máa ṣiṣẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ giramafóònù. Bí bọ́tìnnì kan bá wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ PHONO àti LINE sí, preamp ti wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ tì í sí LINE, kí ẹ fi wáyà rẹ̀ sí AUX. Bí kò bá sí, ẹ ra phono preamp kékeré kan. Tí ẹ bá kì í bọ AUX lásán, ohùn á kéré, á sì tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn, torí nígbà tí wọ́n ń tẹ àwo ni wọ́n ti dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, tí wọ́n sì fi kún tòkè. Phono preamp ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ.

Ẹ má kì í bọ méjèèjì pọ̀, ìyẹn kí ẹ̀rọ wà ní LINE, kí ẹ tún gbé e sí ihò phono ampilifáyà. Ohùn á fọ́ yánkan-yànkan.

Èwo gan-an ni ẹ máa ní kí n rà?

Bí ẹ bá sọ pé kí n dárúkọ ẹyọ kan ṣoṣo, AT-VM95E ti Audio-Technica ni. Gíráàmù 2.0 ló fẹ́, agbára rẹ̀ tó 4 mV, kò sì ń yan apá jẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé àpótí kan náà ló ń gba abẹ́rẹ́ oríṣiríṣi: C tí owó rẹ̀ kò pọ̀, E, EN, ML, SH, àti SP tó wà fún àwo 78. Ẹ ra àpótí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ gòkè bí ọwọ́ bá ṣe ń tẹ owó.

Ortofon 2M Red láti Dẹ́nímáàkì náà dára, gíráàmù 1.8 ló fẹ́, abẹ́rẹ́ 2M Blue sì wọ ara rẹ̀. Nagaoka MP-110 máa ń bá ohùn èèyàn àti gìtá jùjú lò dáadáa, ó ń tu etí lára. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kó ra AT3600L, gíráàmù 2.5 sí 3.5 ló fẹ́, ó sì lágbára.

Mi ò ní kọ iye owó, torí náírà kì í dúró sójú kan. Ohun tí mo máa sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè iye abẹ́rẹ́ ìpààrọ̀ kí ẹ tó ra kátíríìjì èyíkéyìí. Òun lẹ máa máa rà títí láé.

Conical, elliptical, microlinear: kí ni gbogbo orúkọ yìí?

Bí wọ́n ṣe gbẹ́ orí dáyámọ́ǹdì ni. Conical rí róbótó bí orí bírò. Elliptical tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó ń wọ inú kọ̀rọ̀ ìlà tí conical kò lè dé. Microlinear àti Shibata tún tẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fara kan ògiri ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àwo tiwa kì í ṣe àwo tó jókòó sínú àpò láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti lò ó ní ìkómọ, ní ìsìnkú, ní ilé ọtí, lórí rédíográàmù tó ń tẹ̀ ẹ́ ní gíráàmù mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ róbótó ti jẹ ojú kan lára ògiri ìlà náà. Bí ẹ bá tún gbé conical tuntun sí i, ojú ọgbẹ́ yẹn gan-an ló máa jókòó lé. Microlinear lè kan ibi tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn rí, mo sì ti rí àwo sákárà tí wọ́n ti pa tì tó jí padà lọ́nà yìí: ohùn gòjé jáde kedere, tí ẹni tó ni àwo náà fi dìde dúró. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ọgbẹ́ náà ti dé ìsàlẹ̀, orí tó mú sì máa ka gbogbo rẹ̀ síta fún yín. Nírú àwo bẹ́ẹ̀, conical ló ń bo àṣírí. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ní méjèèjì.

Ṣé bí abẹ́rẹ́ bá ṣe fúyẹ́ tó náà ló ṣe dára fún àwo tó? Kọ́bọ̀ tí wọ́n ń gbé lé orí apá ńkọ́?

Rárá sí ìbéèrè méjèèjì. Bí ìwọ̀n bá kéré jù, abẹ́rẹ́ kò ní lè dúró nínú ìlà. Á máa fò lu ògiri kan sí èkejì, ìyẹn ló sì ń gé àwo jù. Bí ilé iṣẹ́ bá ní 1.8 sí 2.2, ẹ dúró sí 2.0, tàbí kí ẹ lọ sókè díẹ̀.

Gbogbo wa la rí kọ́bọ̀ lórí apá giramafóònù nígbà tá a wà lọ́mọdé. Àwo ń fò, bàbá wa sì ń wá nǹkan ṣe sí i. Gíráàmù bíi mélòó kan ni owó onírin ń gbé lé abẹ́rẹ́, ó sì lè sọ ìwọ̀n di ìlọ́po méjì. Bí àwo bá ń fò, ẹ nu àwo, ẹ nu abẹ́rẹ́, ẹ wo bóyá ẹ̀rọ jókòó gbọọrọ, kí ẹ wá fi òṣùwọ̀n wọn apá náà. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò, tó ń ka 0.01 gíráàmù, tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ rí i pé ibi tí abẹ́rẹ́ jókòó sí lórí òṣùwọ̀n kò ga ju ojú àwo lọ.

Níbo ni mo ti lè rí i rà ní Abuja, báwo ni mi ò sì ṣe ní ra ayédèrú?

Ẹ lè rìn gbogbo Wuse àti Garki kí ẹ má rí ẹyọ kan. Ilé ìtajà Banex kún fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, irú ọjà yìí ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ní Alaba l'Ékòó, ẹ lè ṣe kòǹgẹ́. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé a máa ń fi rán ará ilé tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Kò gba àyè nínú báàgì. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sínú báàgì ọwọ́, kí wọ́n má yọ ìdérí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ojúkojú lẹ ti ń rà á, ẹ mú awò alágogo yẹn dání, kí ẹ wo abẹ́rẹ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Mo ti ra abẹ́rẹ́ kan rí ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n búra fún mi pé tuntun ni, pẹ̀lú páálí dídán. Nígbà tí mo délé tí mo fi awò sí i, ọ̀pá wà, dáyámọ́ǹdì kò sí lẹ́nu rẹ̀. Mo padà lọ, wọ́n ní ọjà tí wọ́n bá ti tà kì í padà. Ẹ̀dùn ọkàn ni fún mi, torí ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ gbé e lé àwo ni mo tó wò ó, ọgbẹ́ tí ọ̀pá yẹn dá sí àwo náà ṣì wà níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó wà nínú páálí fún ogójì ọdún náà ní ewu tirẹ̀: rọ́bà inú rẹ̀ lè ti gan.

Ṣé mo lè gbé kátíríìjì sí i fúnra mi?

Bí ọwọ́ yín kò bá gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ pa ampilifáyà. Ẹ fi ìdérí abẹ́rẹ́ sí i. Wáyà mẹ́rin ló wà: funfun ni òsì, búlúù ni ìpadàbọ̀ òsì, pupa ni ọ̀tún, àwọ̀ ewé ni ìpadàbọ̀ ọ̀tún. Ẹ ya fọ́tò wọn kí ẹ tó yọ wọ́n. Twíísà ni kí ẹ fi fà wọ́n, níbi irin tó wà lẹ́nu wọn, ẹ má fa wáyà gan-an. Ẹ má fún sukurú pa títí ẹ fi máa tò ó tán.

Ohun kan wà tí mo ń bẹ̀ yín lé lórí: bí wáyà bá já, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sọ́dà jó o mọ́ ẹsẹ̀ kátíríìjì. Ooru náà á rìn wọ inú, á sì já wáyà wíwé tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Aládùúgbò mi kan ní Kubwa gbé tirẹ̀ fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ó sì gbé e padà wá bá mi: «Ẹ̀gbọ́n, ọ̀tún kò sọ̀rọ̀ mọ́.» Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ẹ yọ orí wáyà náà kúrò, ẹ jó o lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó tutù, kí ẹ tó wá kì í bọ ẹsẹ̀.

Mo ti dè é tán. Kí ni wọ́n ń pè ní títò?

Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dojú kọ ìlà àwo bó ṣe yẹ. Ẹ tẹ ìwé protractor, ìyẹn ìwé tí wọ́n ya àmì àti ìlà sí fún títò abẹ́rẹ́, jáde ní 100%, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbà á gbọ́, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé káfẹ́ máa ń dín in kù. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé ojú àmì méjèèjì, kí ẹ máa yí kátíríìjì títí yóò fi gún régé pẹ̀lú ìlà. Àwọn tó ń lo Technics SL-1200 ní ọ̀nà kúkúrú: láti ẹnu abẹ́rẹ́ dé ibi tí rọ́bà wà lẹ́yìn orí apá jẹ́ mílímítà 52. Ẹ fi anti-skate, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí apá máa fà sí àárín àwo, sí nọ́ḿbà kan náà pẹ̀lú ìwọ̀n gíráàmù, ẹ sì fi etí tún un ṣe.

Ọyẹ́ dé. Kí ni kí n ṣe sí eruku?

Láti bíi oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, eruku ọyẹ́ á bo ohun gbogbo nílé, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí àwo á máa fa eruku mọ́ra bí òòfà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì carbon fibre nu àwo nígbà tó bá ń yí, kí abẹ́rẹ́ tó balẹ̀, ní gbogbo ìgbà. Ẹ nu abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, bí àwo ṣe ń lọ. Bí ẹ bá nù ún láti iwájú lọ sẹ́yìn, ọ̀pá lè kán. Ìka ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kàn án, òróró wà lára ìka. Mo máa ń ti fèrèsé pálọ̀ pa kí n tó ṣí àpò àwo lásìkò yẹn.

Kí ló dé tó ń kùn hùùù láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ rẹ̀?

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, wáyà búlúù tàbí àwọ̀ ewé kò wọlé dáadáa. Bó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ wo wáyà ilẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀yìn ampilifáyà. Bó bá ń pọ̀ sí i bí apá ṣe ń rìn lọ sí àárín, mọ́tò ẹ̀rọ ni kátíríìjì ń gbọ́. Kátíríìjì ilé iṣẹ́ Grado máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ kan. Ẹ gbé stabilizer jìnnà. Bó bá jẹ́ pé orí inverter nìkan ló ti ń han bí kòkòrò, inverter yẹn kì í ṣe pure sine wave, kátíríìjì kò jẹ̀bi.

Orin ò tíì bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ojú sípíkà ń lọ ń bọ̀. Kí ló fà á?

Apá àti kátíríìjì kò bára wọn mu. Ọ̀pá abẹ́rẹ́ dà bí sípíríǹgì, apá sì ni ẹrù tó gbé. Bí ẹrù bá pọ̀ ju sípíríǹgì lọ, gbogbo rẹ̀ á máa jó nígbà tí àwo tó tẹ̀ bá ń yí. Ibi tí a fẹ́ kó ti máa jó ni 8 sí 12 Hz, ìyẹn ìgbà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ga ju ìtẹ̀ àwo lọ, tó sì rẹlẹ̀ ju orin lọ.

Ẹ lè ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ra nǹkan kan. Apá SL-1200 jẹ́ gíráàmù 12. 2M Red jẹ́ 7.2, sukurú bí ìdajì gíráàmù: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19.7. Compliance, ìyẹn bí ọ̀pá abẹ́rẹ́ ṣe rọ̀ tó, tí wọ́n kọ sínú ìwé 2M Red jẹ́ 20. Ẹ fi 20 lọ́po 19.7, ó di 394. Ẹ tẹ √ lórí kàkúlétọ̀, ó di 19.8, ẹ fi í pín 159, ó di 8. Ó wọlé, ṣùgbọ́n etí bèbè ló wà. Àwọn ilé iṣẹ́ Jàpáàn kan máa ń kọ ti 100 Hz, ìyẹn sì ń kéré. Ẹ fi bíi 1.5 sí 2 lọ́po rẹ̀ kí ẹ tó ṣírò.

Abẹ́rẹ́ tuntun ni, títò rẹ̀ dára, síbẹ̀ orin ìparí ṣì ń ha. Kí ló kù?

Àwo náà gan-an. Lẹ́bàá etí, ìlà ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tó bá dé ìdí, ó ti di bíi 21. Orin kan náà ni wọ́n há mọ́ àyè tí kò tó ìdajì. Jùjú ló sì ń jìyà rẹ̀ jù, torí ojú àwo kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo láìdánudúró, ibi tí gángan àti gìtá ti ń gbóná jù ló sì máa ń bọ́ sí ìdí àwo. Orí abẹ́rẹ́ tó mú, microlinear tàbí Shibata, ló ń ràn án lọ́wọ́ jù. Conical kò lè ṣe é, bó ti wù kẹ́ ẹ tò ó tó.

Mo ní àwo mono, mo sì jogún àwọn 78 tó le bí àwo ìjẹun. Ṣé kátíríìjì kan náà lè lù wọ́n?

Ti mono LP rọrùn: kátíríìjì stereo lè lù ú. Ẹ tẹ bọ́tìnnì MONO lórí ampilifáyà, púpọ̀ nínú ariwo wíwùyẹ̀wùyẹ̀ á sì lọ, torí ìgbọ̀n òkè-sí-ìsàlẹ̀ tí kò sí orin nínú rẹ̀ á parẹ́. Ìdàkejì ló léwu: kátíríìjì mono àtijọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ kò lè lọ sókè-sódò máa ń gé àwo stereo.

78 kò gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ LP. Ìlà rẹ̀ fẹ̀ ju ti LP lọ dáadáa; abẹ́rẹ́ LP á kàn máa fà nísàlẹ̀ ìlà bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀, ariwo nìkan lẹ máa gbọ́. Abẹ́rẹ́ 3 mil (íǹṣì 0.003) ló wà fún un. VM95SP ń tẹ̀ ẹ́ ní gíráàmù 5. Ortofon 2M 78 ń ṣe é ní 1.8. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ yín ń yí 78, torí SL-1200MK2 kò ní i.

Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe àwọn 78 wọ̀nyí. Sípírítì tí ẹ fi ń nu abẹ́rẹ́ máa yọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kàn án. Omi díẹ̀, ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan, aṣọ tó rọ̀, kí omi má kan ìwé àárín rẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ kíákíá. Ẹ gbé wọn dúró lórí pẹpẹ bí ìwé. Bí ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló máa là.